Ọ̀nà Kan Kò Wọjà: Bí A Ṣe Lè Fi Àṣà Ukraine Ṣe Ìsinmi Nígbà Tí Ogun Dí Ojú Ọ̀nà

Ọ̀rẹ́ mi kan lo ọdún márùn-ún ní ìlú Kharkiv, ní ìhà ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Ukraine, níbi tó ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ó kù díẹ̀ kó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà ya wọ ilẹ̀ náà ní ọjọ́ 24 oṣù Èrèlé, ọdún 2022. Òun náà wà lára ogunlọ́gọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin sá lọ sí ẹnu ààlà. Ní ibùdókọ̀ kan, ẹnìkan tì í kúrò lórí ìlà nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ló kọjá lójú rẹ̀ kó tó rí ọ̀kan wọ̀. Nígbà tó fi máa dé Ìbàdàn, báàgì kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀wù funfun kan wà nínú báàgì náà, tí wọ́n fi òwú pupa àti dúdú ṣe ọnà sí lọ́rùn àti lẹ́nu ọwọ́. Ìyá àgbà tó gbà á sílé ní Kharkiv ló fún un lálẹ́ ọjọ́ tó ń lọ.

Ní ọdún tó kọjá, òun àti ọkọ rẹ̀ gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ lásìkò kan náà. Ọkọ béèrè ibi tó wù ú kí àwọn lọ. Ó ní, "Mo fẹ́ kí ẹ mọ ilẹ̀ tí mo ti gbọ́n." Ọkọ rẹ̀ wò ó títí. "Ilẹ̀ tí ogun ṣì ń jà? Ṣé ilé ọ̀fọ̀ la ó wá sọ di ibi ìgbafẹ́? Àti pé, ṣé àwọn tó tì ọ́ kúrò lórí ìlà lo tún fẹ́ lọ kí?" Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé, "Ẹni tó tì mí kúrò lórí ìlà kọ́ ló fún mi lóúnjẹ fọ́dún márùn-ún."

Èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn wá bí wọn yóò ṣe gbé e gbà. Mo kàwé, mo bi àwọn tó mọ̀ léèrè, mo sì bá wọn to ètò. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa pín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kí ìsinmi yín tó ń bọ̀ ju kí ẹ sùn kí ẹ sì jí lọ.

Ọ̀rọ̀ ilé ọ̀fọ̀

Ìbéèrè ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè kékeré. Ṣùgbọ́n Yorùbá kì í sá fún ilé ọ̀fọ̀. A máa ń wọ ibẹ̀, a ó kí wọn kú ìrọ́jú, a ó jókòó tì wọ́n. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, a ó jẹ. A ó sì fi ohun tó wà lápò wa sílẹ̀ kí a tó dìde. Ohun tó burú ni kí ènìyàn yọjú wòran, kó ya fọ́tò ẹkún ẹlẹ́kún, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Bí a ṣe wọlé ni yóò sọ irú àlejò tí a jẹ́.

Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ, ọdún 2022, àjọ UNESCO fi àṣà bí àwọn ará Ukraine ṣe ń se ọbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní borshch sínú àkójọ àwọn àṣà tó nílò ààbò ní kíákíá. Ọbẹ̀ náà kò tíì sọnù. Àwọn tó ń sè é ni ogun tú ká: ọ̀pọ̀ ìyá ti di ogunléndé ní ilẹ̀ òkèèrè, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin wà lójú ìjà, ọ̀pọ̀ oko tí wọ́n ti ń kórè ewébẹ̀ kò ṣeé fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Nígbà tí onílé kò bá wá lè relé, àṣà ilé rẹ̀ ló máa ń gbé dání. Àlejò tó bá fi ọ̀wọ̀ jókòó sídìí irú àṣà bẹ́ẹ̀, tó jẹ nínú rẹ̀, tó sì béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ń ran onílé lọ́wọ́ kó má baà gbàgbé.

Ẹ má ṣe fẹsẹ̀ ara yín wọ ojú ogun

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó le jù. Láti ọjọ́ tí ogun náà ti bẹ́ sílẹ̀ ní 2022 ni wọ́n ti ti òfurufú Ukraine pa mọ́ ọkọ̀ òfurufú èrò. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, ojú irin tàbí ojú títì ni yóò gbà láti Poland tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn tó múlé tì í. Òfin kónílé-ó-gbélé wà lóru ní ọ̀pọ̀ ìlú, àdó olóró sì máa ń já bọ́ sí àwọn ìlú tó jìnnà sójú ìjà pàápàá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ni kì í sanwó fún ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ wọ ibi tí ogun wà. Ní ọdún 2023, UNESCO ka àárín ìlú Odesa, àárín ìlú Lviv àti àwọn ilé ìsìn àtijọ́ ìlú Kyiv mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé tó wà nínú ewu. Bí ẹnikẹ́ni bá ń polówó ìrìn-àjò afẹ́ lọ síbẹ̀ fún yín ní owó pọ́ọ́kú lákòókò yìí, ẹ yáa yẹra fún un.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan kò wọjà. Àwọn ará Ukraine ti ń ṣí lọ gbé ní ilẹ̀ mìíràn láti nǹkan bí ọgọ́fà ọdún ó lé, ibi tí wọ́n bá sì dé ni wọ́n máa ń tẹ́ àṣà wọn sí. A lè bá wọn níbẹ̀. A sì lè pe àṣà wọn wá sílé wa fún ọjọ́ díẹ̀, kí a ṣe é tọkàntọkàn.

Ẹ mú kókó kan, ẹ má mú mẹ́wàá

Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ wọn wà ní Yúróòpù nìkan, Ukraine ló tóbi jù. Ilẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 603,000 kìlómítà níbùú lóròó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan kò ní mọ ìkankan. Ohun tó dára jù ni kí ẹ yan kókó kan, kí ohun gbogbo tí ẹ óò ṣe nínú ìsinmi náà máa yí i ká. Mẹ́ta ni mo gbé ka iwájú ọ̀rẹ́ mi.

Èkíní ni oúnjẹ. Yàtọ̀ sí borshch, varenyky wà, èyí tí í ṣe ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n fi pòtétò, kábéèjì tàbí èso sínú rẹ̀, tí wọ́n wá bọ̀ nínú omi. Holubtsi wà, ìrẹsì àti ẹran tí wọ́n fi ewé kábéèjì pọ́n. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ní àwọn òkè Carpathian, wọ́n ń ro ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú ọ̀rá wàrà, wọ́n ń pè é ní banosh, wọ́n sì ń fi wàràkàṣì bù ú jẹ.

Èkejì ni iṣẹ́ ọnà, ẹyin kíkọ ló sì gba iwájú nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni pysanka, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Ukraine tó túmọ̀ sí "kí á kọ nǹkan". Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ ni pé wọn a fi ohun èlò kékeré kan, kistka, bu ìda oyin gbígbóná, wọn a fi fa ìlà sára ẹyin funfun. Ibi tí ìda bá bò yóò wà ní funfun nígbà tí wọ́n bá rẹ ẹyin náà sínú aró àwọ̀ ìyeyè. Wọn a tún fi ìda bo ibi tí wọ́n fẹ́ kó wà ní àwọ̀ ìyeyè, wọn a rẹ ẹ́ sínú aró pupa, wọn a tún bò ó, wọn a wá rẹ ẹ́ sínú dúdú. Nígbẹ̀yìn, wọn a mú un sún mọ́ iná àbẹ́là, wọn a nu ìda náà nù, gbogbo àwọ̀ tó ti sápamọ́ yóò sì yọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ti rí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta tàbí Ìbàdàn nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọgbọ́n yìí. Ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ ni tiwa, kistka àti ìda ni tiwọn. Ohun tí a kò fẹ́ kí aró mú ni àwa méjèèjì ń kọ́kọ́ bò. Ní ọdún 2024 ni UNESCO fi ẹyin kíkọ yìí sínú àkójọ àṣà àjogúnbá aráyé, ní orúkọ Ukraine àti Estonia.

Ẹ̀wù tí ọ̀rẹ́ mi gbé bọ̀ wà lábẹ́ kókó yìí pẹ̀lú. Vyshyvanka ni wọ́n ń pè é. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní bátànì àti àwọ̀ òwú tirẹ̀, bí a ti ń fi ilà ojú mọ ìlú ènìyàn láyé àtijọ́.

Ẹ̀kẹta ni orin àti ìtàn. Ohun èlò orin tí wọ́n mọ Ukraine mọ́ jù ni bandura, olókùn púpọ̀ tí wọ́n ń gbé lé àyà ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta á kiri ìlú láyé àtijọ́ jẹ́ afọ́jú. Wọn a máa kọrin ìtàn àwọn akọni, iṣẹ́ wọn kò sì jìnnà sí ti àwọn akéwì wa tó ń ṣọ́ ìtàn ìdílé. Kobzar ni wọ́n ń pè wọ́n, orúkọ náà sì ni Taras Shevchenko fún ìwé ewì tó gbé jáde ní 1840. Ẹrú ni wọ́n bí Shevchenko ní 1814; ọdún 1838 ni wọ́n ra òmìnira fún un, òun náà ló sì wá di òpó èdè Ukraine. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ràn orin Kérésìmesì, orin tí ayé mọ̀ sí "Carol of the Bells", ilẹ̀ Ukraine ló ti wá. "Shchedryk" ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Mykola Leontovych ló tò ó, wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ ní gbangba ní Kyiv ní 1916. Ẹyẹ kan tó wọlé wá sọ fún baálé pé ọdún tuntun yóò kún fún ọ̀pọ̀ ni orin náà dá lé. Agogo kò sí nínú rẹ̀ rárá; Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ agogo sí i ní 1936.

Ọ̀rẹ́ mi mú oúnjẹ. Ó ní ibi tí ìyá àgbà rẹ̀ ti gbà á lálejò nìyẹn.

Ẹ wo ọjọ́ kí ẹ tó dá ọjọ́

Ìsinmi tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọdún máa ń dùn ju èyí tí a kàn mú. Ọjọ́bọ̀ kẹta nínú oṣù Èbìbí ni ọjọ́ vyshyvanka. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Chernivtsi ló dá a sílẹ̀ ní 2006, ó sì ti tàn dé ibi gbogbo tí ọmọ Ukraine wà. Ẹnikẹ́ni ló lè wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé ọmọ ta ni. Ní oṣù Òkúdù, wọ́n ń ṣe ọdún Ivana Kupala: àwọn ọmọbìnrin a hun òdòdó, wọn a gbé e sórí omi, àwọn ọ̀dọ́ a sì di ara wọn lọ́wọ́ mú fo iná kọjá. Ọjọ́ 24 oṣù Ògún ni ọjọ́ òmìnira wọn, ní ìrántí ọdún 1991.

Oúnjẹ alẹ́ mímọ́ ọjọ́ 24 oṣù Ọ̀pẹ̀ ni mo rò pé ó bá ìdílé mu jù. Oúnjẹ méjìlá tí kò ní ẹran nínú ni wọ́n ń tẹ́. Kutia, ìyẹn àlìkámà sísè pẹ̀lú oyin, ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́ wò. Wọn kì í sì í jókòó àfi bí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ bá ti yọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ń fi àwo kan sílẹ̀ fún àwọn tó ti kú. Ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe Kérésìmesì tẹ́lẹ̀. Òfin ọdún 2023 ló fi ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀pẹ̀ nìkan sílẹ̀ fún ìsinmi náà.

Ọjọ́ kan wà tí kò yẹ fún ayẹyẹ: Ọjọ́ Àbámẹ́ta kẹrin nínú oṣù Bélú. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń tan àbẹ́là sójú fèrèsé fún àwọn ẹbí wọn tí ìyàn pa ní 1932 àti 1933, nígbà tí ìjọba Stalin gba ọkà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀. Àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn ló kú. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí yóò mọ ìdí tí àgbàlagbà Ukraine kì í fẹ́ rí i kí búrẹ́dì ṣòfò.

Ibi tí ẹ lè bá wọn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò nílò físà kankan. Ère Ọba Volodymyr tó mú ẹ̀sìn Kírísítì wọ Kyiv wà ní Holland Park láti 1988. Àwọn ará Ukraine tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá wọn wà ní Duke Street, ní Mayfair. Ẹ lọ gbọ́ orin wọn ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àìkú kan; ohùn ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ ọ́, kò sí dùùrù.

Ní New York, agbègbè East Village ni kí ẹ lọ. Ilé oúnjẹ Veselka ti wà níbẹ̀ láti 1954, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Ukrainian Museum kò sì jìnnà sí i. Ẹ lè fẹsẹ̀ rin gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ní Chicago, àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Ukrainian Village, pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì olórí rìbìtì àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀.

Kánádà ni ibi tó kún jù. Ọdún 1891 ni àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ láti Ukraine dé ibẹ̀. Ní ìlà-oòrùn ìlú Edmonton, wọ́n tún abúlé àwọn àgbẹ̀ ìgbà náà tò sí ojúkan, orúkọ rẹ̀ ni Ukrainian Cultural Heritage Village. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń wọ aṣọ àtijọ́, wọ́n ń ṣe búrẹ́dì, wọ́n sì ń dá àlejò lóhùn bí ẹni pé ayé ìgbà náà ni wọ́n ṣì wà. Ní ìlú Vegreville tó wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, ẹyin pysanka onírin ńlá kan dúró láti 1975. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti Òkúdù sí Ògún, ló dára jù láti lọ. Ẹni tó bá ń gba físà láti Nàìjíríà sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù ṣáájú.

Ọjọ́ mẹ́ta nílé

Ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀ kò ní owó Kánádà. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe tiwọn, èyí sì ni bí ó ṣe lọ.

Ọjọ́ kìíní jẹ́ ti ọjà àti ìkòkò. Wọ́n rí bíìtìrúùtù, kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti pòtétò ní Bódìjà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ewébẹ̀ tó wá láti Jos. Ewé dill ló ṣòro. Èyí tí wọ́n gbẹ sínú ìgò ni wọ́n rí ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n ṣe sè é rèé, fún ènìyàn mẹ́fà. Ẹ bọ ẹran màlúù eléegun títí yóò fi rọ̀. Ẹ rin bíìtìrúùtù méjì tó tóbi àti kárọ́ọ̀tì kan, ẹ fi òróró díẹ̀ yan àwọn àti àlùbọ́sà, ẹ da tòmátì lílọ̀ sí i, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà ṣíbí kan sí i. Òun ni kì í jẹ́ kí àwọ̀ pupa náà ṣí. Ẹ da pòtétò sínú omi ẹran, lẹ́yìn náà kábéèjì, lẹ́yìn náà àsun bíìtìrúùtù yẹn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀, ẹ fi aáyù gígún àti dill sí i, ẹ dé e, kí ẹ jẹ́ kó sinmi. Ṣíbí yógọ́ọ̀tì funfun kan tí kò ní ṣúgà ni ẹ óò fi lé e lórí nínú àwo. Ó máa ń dùn jù ní ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì jẹ́ ti ọwọ́ àti ojú. Wọ́n pe àwọn ọmọ àbúrò ọkọ, wọ́n sì jọ kọ ẹyin. Kò sí kistka, nítorí náà wọ́n gún abẹ́rẹ́ olórí sẹ́yìn pẹ́ńsù, wọ́n ń fi orí rẹ̀ tọ ìda àbẹ́là yíyọ́ sára ẹyin. Aró oúnjẹ tí wọ́n pò mọ́ omi gbígbóná àti fínígà ni wọ́n lò. Ẹyin pupa ló pọ̀ lọ́jà wa. Ó ṣeé lò, bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tàn tó ti funfun. Ẹyin méje fọ́ nínú méjìlá, wọ́n sì din wọ́n jẹ. Lálẹ́, nígbà tí àwọn ọmọdé ti sùn, tọkọtaya náà wo fíìmù Shadows of Forgotten Ancestors, tí Sergei Parajanov ṣe ní 1965 nípa ìfẹ́ ọ̀dọ́ méjì kan ní òkè Carpathian.

Ọjọ́ kẹta jẹ́ ti àlejò. Wọ́n pe ẹbí mẹ́rin. Ní Ukraine, búrẹ́dì tí iyọ̀ wà lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ń pàdé àlejò pàtàkì lẹ́nu ọ̀nà, bí a ti ń gbé obì kalẹ̀ níhìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú búrẹ́dì àti iyọ̀. Ó sọ fún wọn ìdí tí ọbẹ̀ náà fi wà nínú ìwé UNESCO. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, wọ́n gbé àwo kan káàkiri, wọ́n sì fi owó tó wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́.

Ìwà ọmọlúàbí àlejò

Bí ẹ bá máa bá ọmọ Ukraine pàdé, ẹ rántí nǹkan díẹ̀. Ẹ pe olú ìlú wọn ní Kyiv, bí àwọn fúnra wọn ti ń pè é. Ẹ má ṣe pe àṣà wọn ní àṣà Rọ́ṣíà. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ má sì bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nígbà tí ìloro bá wà láàárín yín. Bí ẹ bá ń gbé òdòdó lọ, kó jẹ́ mẹ́ta, márùn-ún tàbí méje. Òkú ni wọ́n ń fi méjì tàbí mẹ́rin ránṣẹ́ sí. Ẹ má ṣe fi ìbéèrè nípa ogun bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ó bá wù wọ́n, wọn yóò sọ. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ rà, ẹ rà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ìwé tí a fi pamọ́ de ọjọ́ àlàáfíà

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo ní kí tọkọtaya náà kọ ibi tí wọn yóò lọ sílẹ̀ nígbà tí ogun bá parí. Ìwé náà wà lára ilẹ̀kùn fíríìjì wọn. Wọ́n kọ ṣọ́ọ̀ṣì Sófíà Mímọ́ ní Kyiv, tí wọ́n kọ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá. Wọ́n kọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ẹyin ní Kolomyia, tí ilé fúnra rẹ̀ rí bí ẹyin. Wọ́n kọ òkè Hoverla, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,061, kò sì sí òkè tó ga jù ú lọ ní ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ àtẹ̀gùn 192 tó sọ̀ kalẹ̀ sí etí òkun ní Odesa. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ọkọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Kharkiv, ilé Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà kò sí ní Kharkiv mọ́. Jámánì ló wà báyìí, nínú yàrá kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní ọjọ́ kẹta ìsinmi náà, nígbà tí àwọn àlejò ṣì ń jẹun, ọ̀rẹ́ mi pè é lórí fóònù aláwòrán, ó sì gbé ojú fóònù náà sórí ìkòkò. Ìyá náà wò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ kíákíá ní èdè rẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ka. Gbogbo ilé dákẹ́. Ọkọ béèrè ohun tó ń sọ.

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ó ní dill náà kò tó. Ó ní ta ló kọ́ mi láti gé kábéèjì báyẹn." Ó tún tẹ́tí sí fóònù. "Ó ní kí ẹ̀yin náà wá, kí òun wo ojú yín."

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó sún mọ́ fóònù, ó dọ̀bálẹ̀.